Ìwọ̀ Tó Nà

Ní Yẹ́líwá, létí adágún Kàǹjì,
níbi tí òórùn ẹja gbígbẹ
ti ń kí àlejò kí onílé tó kí i,
ni bàbá mi ti ta ìwọ̀ títí irun rẹ̀ fi funfun.
Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Kò mọ̀ ọ́n wẹ̀.
Kò fẹsẹ̀ kan inú ọkọ̀ ojú omi rí.
Ṣùgbọ́n bó bá ti tú páálí ìwọ̀ sórí tábìlì,
àwọn apẹja Sárkáwá a dákẹ́ bí ọmọ iléèwé.

"Àmọ̀kẹ́, rọra. Ìṣirò ìwọ̀ kì í ṣe ìṣirò owó.
Bí nọ́ńbà bá ń gòkè, irin ń sọ̀kalẹ̀.
Nọ́ńbà ogún, èékánná ọmọ àná ni.
Nọ́ńbà kan, àtàǹpàkò mi tó ká kò nìyí."
Mo ní, "Ta ló wá ṣe é sódì báyìí?"
Ó ní, "Ẹni tó ṣe é kò bi wá.
Ẹnu ẹja ni kí o máa wọ̀n,
má wọ̀n ìkòkò ọbẹ̀ ẹni tó fẹ́ pa á."

Epìyà, ẹnu rẹ̀ kò ju ihò bọ́tìnnì lọ,
ó ń tọ́ oúnjẹ wò bí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé:
fún un ní mẹ́wàá, tín-ín-rín.
Àrọ̀ kì í tọ́ nǹkan wò, gbígbé ló ń gbé e mì,
ìwọ̀ ọlọ́rùn gígùn ni tirẹ̀,
kí o lè rí ibi dì mú nígbà tó o bá ń yọ ọ́.
Èyí tí Haúsá ń pè ní sáàgé, eléyín ayùn,
so wáyà mọ́ ọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ o ó fa okùn òfìfo wálé.
Òjíjí ńkọ́?
Bàbá mi a rẹ́rìn-ín. "Òjíjí kò ní nọ́ńbà.
Ẹni tó bá fà á, ara rẹ̀ ló ń fà."

Màrí-màrí sì wà, ọgọ́rùn-ún ìwọ̀ lórí okùn kan,
láìsí ìjẹ, láìsí ẹ̀tàn,
wọ́n kàn so wọ́n rọ̀ sójú ọ̀nà ẹja lóru.
Mo ti rò pé ọ̀kánjúwà ló ń pa ẹja.
Ìrìn lásán náà ń pa á.

Ọdún tí omi kún dé ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí,
mo jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá.
Mìjìnyáwà dé ní ìrọ̀lẹ́, iná ti lọ,
ebi ń pa mí, ìrẹsì wà lórí iná.
Ó ní lámbà húdú.
Mo gbọ́ ṣá húdú.
Mẹ́rin ló fẹ́, mẹ́rìnlá ni mo wé fún un,
òun náà kò sì tú bébà wò.

Ọjọ́ kẹta, ó gbé irin kan lé orí tábìlì:
ìwọ̀ mi, ó ti nà gbọọrọ bí abẹ́rẹ́.
Gíwá-rúwá ni, erin inú omi.
Ó ní àwọn rí ara àwọn lójúkojú,
ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹyinná,
lẹ́yìn náà okùn fúyẹ́.
Kò pariwo. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ àlá.

Bàbá ka ìwọ̀ mẹ́rin tòótọ́ fún un, kò gbowó.
Ó kan èyí tó nà mọ́ ògiri.
Kò nà mí.
Ó ní irin ti nà tó fún àwa méjèèjì.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi sùn sí báyìí.
Èmi ni mo ni tábìlì, mo sì ń béèrè lẹ́ẹ̀mejì:
mẹ́rin àbí mẹ́rìnlá? Fi ìka rẹ hàn mí.
Tàsálà, ọmọ Mìjìnyáwà, máa ń wá ra ti màrí-màrí.
Lánàá ó gbójú sókè. "Èló ni ti ara ògiri yẹn?"
Mo ní kì í ṣe títà.
Ó ní, "Kò kúkú lè mú nǹkan kan."

Mo ń ka ọgọ́rùn-ún sínú bébà fún un.
Ní ọgọ́ta-lé-méjì, ọ̀kan gún mi níka.
Mo fẹnu fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀,
mo ń kà á lọ.